Kí Ẹ Tó Yọ Owó fún Cigar, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Aago

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé cigar wo ló dáa jù, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n dárúkọ ọ̀kan kíá kí wọ́n lè lọ rà á. Ìbéèrè ni èmi náà fi máa ń dá wọn lóhùn, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn: wákàtí mélòó lo ní? Cigar ni mò ń sọ o, kì í ṣe sìgá inú páálí tí wọ́n ń fi bébà wé, mò ń sọ èyí tó jẹ́ pé ewé tábà ni wọ́n fi wé ewé tábà, tí ò ní fílítà, tí èèyàn kàn ń fa èéfín ẹ̀ sẹ́nu tó sì ń tú u jáde láìgbé e mì.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè yẹn, inú mi ò dùn rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n gbé ga níbi iṣẹ́, mo sì ti sọ fún ara mi pé ọjọ́ ńlá, cigar ńlá, ni mo bá lọ ra Churchill kan tó gùn tó ínṣì 7, owó tí mo san lórí ẹ̀ á ra márùn-ún nínú èyí tí mo máa ń mu tẹ́lẹ̀. A dé ibi àríyá ẹ̀, àkókò tí a rí dúró níta ò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, wọ́n ń pè mí síbí, wọ́n ń pè mí sọ́hùn-ún, ẹ wá ká ya fọ́tò, ẹ wá ká kí lágbájá, cigar yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ìgbà tí mo bá tún un tàn ló tún ń korò sí i, nígbà tó yá mo gbé e jù sílẹ̀ nígbà tí ò tíì jó dé ìdajì. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn jókòó sí igun kan pẹ̀lú petit corona kékeré kan, wọ́n mu ún ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, ara wọn balẹ̀, ó tán, wọ́n dìde. Ìgbà tí mo wá ń ráhùn owó mi fún wọn ni wọ́n wò mí lójú: "Nígbà tí o fẹ́ rà á, wákàtí mélòó lo ní?" Mi ò lè dáhùn, torí mi ò ronú kàn án rárá, owó nìkan ni mo rò.

Látìgbà náà ni mo ti gbà pé owó méjì lèèyàn ń ná lórí cigar, èyí tó wà nínú àpò àti èyí tó wà lára aago, ti aago ló sì ń kọ́kọ́ tán.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọn cigar, gígùn ẹ̀ ní ínṣì, àti bó ṣe sanra tó, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní ring gauge. Ring gauge yìí máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ẹ̀ ò le. Wọ́n pín ínṣì kan sí ọ̀nà 64, iye ọ̀nà tí ìbú cigar bá sì gbà nínú ẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀. Tí ẹ bá rí 5 x 50, ó gùn ní ínṣì 5, ìbú ẹ̀ sì jẹ́ 50 nínú 64 ínṣì, bíi mílímítà 20 nìyẹn. Robusto là ń pe ìyẹn, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tí ò kánjú. Petit corona tó jẹ́ nǹkan bí 5 x 42, ìdajì wákàtí tàbí díẹ̀ lé. Toro, 6 x 50, á kọjá wákàtí kan dáadáa. Churchill, 7 x 47, ẹ wá wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì kalẹ̀ fún un, tí ẹ ò bá rí i ẹ má ṣe tàn án.

Sísanra náà ní ohun tó ń ṣe o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ táìmù nìkan. Èyí tó sanra máa ń jó díẹ̀díẹ̀, èéfín ẹ̀ tutù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewé inú ló ń sọ̀rọ̀ jù. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi lancero, 7½ x 38, ewé ìta ẹ̀ lẹ máa tọ́ wò ju ewé inú lọ, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fà á kíákíá ó máa gbóná, ó máa korò. Èmi ò fẹ́ràn àwọn ring gauge 60 tí wọ́n ń ṣe báyìí, ó kún ẹnu, ewé ìta tó lẹ́wà tí ẹ san owó lé lórí ò ní rí àyè sọ nǹkan kan. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, kò burú, ẹnu wọn ni.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ agbára wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí cigar tó dúdú, wọ́n á ní èyí le. Wọ́n á rí èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ní èyí rọ̀. Àwọ̀ ò sọ agbára. Orí igi tábà ni agbára ti ń wá. Ewé ìsàlẹ̀ igi, volado, ó fúyẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí iná máa jó dáadáa. Èyí tó wà láàárín, seco, òun ló ń gbé òórùn dídùn wá. Èyí tó wà lókè téńté tí oòrùn ń pa jù, ligero, òun ló nípọn, tó ní òróró lára, tó sì le. Ligero yìí kì í tètè jó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wé e fi máa ń tì í sí àárín gbùngbùn. Ó túmọ̀ sí pé inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú yín ò dé, ni agbára wà. Maduro tó dúdú bíi ṣokoléètì, àsìkò tó pẹ́ lórí òkìtì ló sọ ọ́ di dúdú, wọ́n máa ń kó ewé jọ gègèrè kó máa gbóná fúnra ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sì sábà máa ń dùn ju bó ṣe ń le lọ. Mo ti rí àwọn tó sá fún maduro fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àwọ̀ ẹ̀, ó dùn mí fún wọn.

Láàárọ̀ tí ẹ ò tíì jẹun púpọ̀, tí kọfí wà lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ewé Connecticut shade wé ni kí ẹ mú. Abẹ́ aṣọ tí wọ́n ta bo oko ni wọ́n ti ń gbìn ín kí oòrùn má bàa pa á jù, nítorí náà ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ lẹ́nu. Ní Ecuador, ìkùukùu ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ yẹn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ewé wọn sì pọ̀ lórí cigar tí owó ẹ̀ ò ga. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ tó kún inú, ẹ lè wá mú ti Nicaragua, pàápàá èyí tí ewé ẹ̀ wá láti Estelí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ewé ibẹ̀ ní ata nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu èyí tó le sórí inú òfìfo. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òógùn tútù bò mí, òòyì ń kọ́ mi, èébì ń gbé mi, nikotín ló fà á, omi tí wọ́n po ṣúgà sí ni wọ́n fún mi mu kí ara mi tó wálẹ̀.

Ewé kan wà tí mo máa ń fi inú dídùn dárúkọ ẹ̀, ewé Cameroon. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, ní Kamẹrúùnù àti Central African Republic, ni wọ́n ti ń gbìn ín, tí ẹ bá wo ara ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí kókó wínníwínní tó sú sí i lára. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń tètè fàya lọ́wọ́ ẹni tó ń wé e, àwọn tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ilé iṣẹ́ Arturo Fuente ń fi wé cigar wọn tó ń jẹ́ Hemingway, kékeré tó wà nínú ẹ̀, Short Story, bíi ínṣì 4 péré ni, orí àti ìdí ẹ̀ ṣóńṣó. Tí ẹ bá ní ìdajì wákàtí péré lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ ohun tó dáa gan-an, ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí síta, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ ọ́. Pé èèyàn ò gbé èéfín mì kò ní kó bọ́ lọ́wọ́ ewu. Cigar máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun, àti ti ẹ̀dọ̀fóró pàápàá, tábà tó wà nínú cigar ńlá kan ṣoṣo sì lè tó ti odindi páálí sìgá kan. Ẹni tí ò bá mu tábà rí, mi ò bẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ o. Èmi fúnra mi ò kí ń mu ju méjì lọ lóṣù, ìta ni mo ti ń mu ún, níbi tí kò sí ọmọdé. Bó ṣe ṣọ̀wọ́n yìí gan-an ló jẹ́ kí yíyàn ẹ̀ jẹ mí lógún, ẹni tó bá máa mu méjì lóṣù, kó má fi ọ̀kan ṣòfò.

Ó dáa, owó. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù, ewé gígé wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń yára jó, ó máa ń gbóná, èmi ò kí ń rà á mọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ wé tó sì jẹ́ odindi ewé gígùn ló wà nínú ẹ̀ láti orí dé ìdí, ìyẹn long filler, òun ló ń jó dọ́gba, tí eérú ẹ̀ máa ń gùn kó tó jábọ́. Láàárín méjèèjì, àwọn kan wà tí wọ́n fọwọ́ wé àmọ́ tí ewé gígùn àti gígé jọ wà nínú wọn, ó dáa púpọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà tí ọwọ́ yín dí tí ẹ ò ráyè tọ́jú iná. Ẹni tí bájẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kéré, kó wá èyí tí wọ́n dì ní 20 tàbí 25 sínú náílọ́ọ̀nù láìsí àpótí, wọ́n ń pè é ní bundle. Òmíràn nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé àwọ̀ ewé ìta ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Ti Honduras àti ti Nicaragua ni mo máa ń rà jù níbẹ̀. Ẹ má ra bundle tí ẹ ò tíì mu ọ̀kan nínú ẹ̀ rí o, ẹ ra ọ̀kan tàbí méjì ká kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe rí.

Tí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ rọra fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó le bí òkúta, èéfín ò ní gbabẹ̀. Ibi tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ewé ò pé níbẹ̀, iná máa sáré. Tó bá ń dún pàrà bí ewé gbígbẹ, ó ti gbẹ, ẹ dá a padà. Àyẹ̀wò yìí ò gba owó, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìnáwó.

Ti Kúbà wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ewé Vuelta Abajo, ní Pinar del Río, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó ní ìtọ́wò kan tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n apá kan nínú owó tí ẹ ń san, orúkọ àti ọ̀wọ́n lẹ ń san án fún. Lọ́dún 1960 ni ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ cigar ibẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ìdílé tó mọ iṣẹ́ náà sì kó jáde, wọ́n lọ tún bẹ̀rẹ̀ ní Dominican Republic, Honduras àti Nicaragua, nítorí náà ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ò sí ní Kúbà nìkan mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1962 ni Ààrẹ Kennedy fòfin de òwò Kúbà ní Amẹ́ríkà, akọ̀wé ìròyìn ẹ̀, Pierre Salinger, ló sọ ọ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn náà pé Kennedy kọ́kọ́ rán òun kí òun lọ bá a wá cigar Kúbà kó tó buwọ́ lùwé, òun sì rí 1,200. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yẹn ni pé Petit Upmann ló ní kí wọ́n bá òun wá. Cigar kékeré. Ààrẹ Amẹ́ríkà, tí owó kì í ṣe ìṣòro ẹ̀, èyí tí ò gba àkókò púpọ̀ ló fẹ́.

Gbígbà tí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ yẹn àti ìfòfindè yẹn ló fà á tí orúkọ kan fi wà lọ́nà méjì: Cohiba, Montecristo, Partagás, Romeo y Julieta, ti Kúbà wà, ti Dominican Republic náà wà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà, kì í ṣe ewé kan náà. Ẹ ka ara òrùka bébà ẹ̀ àti àpótí ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ayédèrú Cohiba tún wá pọ̀ lọ jàra, tí ẹ bá rí èyí tó wà nínú àpótí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìdérí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ayédèrú ni.

Àbúrò mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó ní kí n bá òun yan cigar fún àwọn àlejò, ó sì fẹ́ kí n ra èyí tó wọ́n jù kí ojú má bàa ti òun. Mo ní rárá. Nínú ogún èèyàn tó máa gba cigar níbi ìgbéyàwó, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máà mu ún rí, wọ́n á mú un dání, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀ torí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fún irú wọn ní èyí tó le, ó lè ba ọjọ́ jẹ́ fún wọn. Bundle kan ni mo rà, ti Dominican Republic, Connecticut, ìwọ̀n corona, 5½ x 42, ó rọ lẹ́nu, kò gùn. Mo fi mẹ́ta tó dáa gan-an pamọ́ sínú àpò fún àwọn àgbà mẹ́ta tí mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo mú ohun ìgécigar méjì dání, mo mú ìṣáná gígùn dání, torí ẹnikẹ́ni ò kí ń rántí ìyẹn, wọ́n á wá máa fi eyín gé e, ewé á tú. Orí fìlà ẹ̀, ìyẹn ewé kékeré tó bo orí ẹ̀ níbi tí ẹ máa fi sẹ́nu, nìkan ni kí ẹ gé o, ẹ má gé e kọjá ibi tí ó ti ń tẹ̀ wálẹ̀. Tí ẹ bá ń tàn án, láítà gáàsì tàbí igi ìṣáná, ẹ má lo láítà tó ń lo epo, òórùn ẹ̀ máa wọ inú ewé. Ẹ̀yin náà ẹ má sáré fà á, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ ò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ owó. Mo ti pàdánù àpótí kan odindi sọ́wọ́ kòkòrò. Mo ra àpótí onígi tó rẹwà, mo gbé e sí yàrá tó ń gbóná, mo rìnrìn àjò, nígbà tí mo dé mo rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lára cigar mi, ìyẹ̀fun sì wà nísàlẹ̀ àpótí. Kòkòrò tábà ni, Lasioderma serricorne, ẹyin ẹ̀ lè ti wà nínú ewé látoko, ooru ló ń jẹ́ kó pa. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti fi ọdún méjì kó wọn jọ. Ní báyìí, ike oúnjẹ tó dé pinpin ni mò ń lò, pẹ̀lú pákó sídà pẹlẹbẹ nínú ẹ̀ àti àpò Boveda 65 kan, ìyẹn àpò kékeré tó ń mú ọ̀rinrin dúró déédéé, kí ọ̀rinrin má kọjá ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ooru ibẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 18 sí 21 ní ìwọ̀n Celsius. Owó àpótí onígi yẹn ì bá ti ra ike bíi mẹ́wàá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra ike. Ẹ má kó o sínú fíríìjì, ó máa gbẹ, ó sì máa gba òórùn gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Mo sọ pé kí ẹ má tan Churchill tí ẹ ò bá ní wákàtí méjì. Ìgbà kan wà tí mo ní in. Alẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá wa, gbogbo èèyàn ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi jáde wá bá mi níta, wọ́n mú méjì jáde, ti Honduras, kò ní òrùka lára. Wọ́n gé tiwọn, wọ́n gé tèmi, wọ́n tàn án fún mi. Ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, a ò sọ̀rọ̀ rárá. Cigar máa ń yí ohùn padà bó ṣe ń jó, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa ń rọ̀, àárín ẹ̀ ló máa ń là, òpin ẹ̀ máa ń le. Nígbà tó dé àárín ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan tí mi ò gbọ́ rí nípa bàbá, bí bàbá ṣe gbé wọn sọ́rùn rìn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní kékeré, bí bàbá ṣe sunkún lójú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní petit corona ni, á ti tán kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ a gbé wọn sílẹ̀, a ò tẹ̀ wọ́n pa, èèyàn kì í tẹ cigar pa, á máa rùn, fúnra ẹ̀ ló máa kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí ibi tó jìnnà báyìí. Churchill méjì wà nínú ike mi láti ọdún tó kọjá, mo lẹ bébà mọ́ wọn, mo kọ ọjọ́ tí mo rà wọ́n sí i, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pààrọ̀ Boveda torí ti tẹ́lẹ̀ ti le gbandi. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Mo ti bi wọ́n lórí fóònù pé wákàtí mélòó lẹ ní, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní alẹ́ Sátidé, láti aago méje, àwọn ò sì ní gbé fóònù dání.